Èwo Nínú Wọn Ni Ojúlówó?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kan ti ń bá mi gbé. Mo ń bá a lórí ibùsùn, mo ń bá a nínú kẹ̀kẹ̀ Marúwá láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ọláìyá. Màmá kan tó ń ta kàm̀pálà ní ọjà Ìgbọ̀nà ló bi mí, ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì fi bi mí. Mo rò pé n óò dáhùn kí n tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. N kò lè dáhùn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké níhìn-ín ní Òṣogbo. Mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi báyìí: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì, ilé ìtajà oògùn kan, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, ilé ìtẹ̀wé kan àti oníbúrẹ́dì kan. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tó ń kó iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ sínú Git, ohun èlò tó ń pa fáìlì àti ìtàn gbogbo àtúnṣe wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọjà ni ojú mi ti là sí i, ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

## Náírà mẹ́rin

Mo lọ ra aṣọ ni. Bí Màmá ṣe ń wọn ọ̀pá mẹ́rin fún mi ló wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ṣe ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa fi ń tẹ ìwé owó?" Mo ní èmi ni, Mà. Ó ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa ìwé méjì yọ lábẹ́ tìmùtìmù tó jókòó lé. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ ti obìnrin tó ń ta bùbá ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì lòun wà.

Àwọn méjèèjì yá ₦100,000. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbà, oṣù 12 ni wọ́n sì fi ń san án. Màmá tẹ́ àwọn ìwé náà sórí òkìtì aṣọ, ó ń fi ìka tí aró ti pa láró tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé tirẹ̀, ₦9,167 lóṣooṣù, lọ́nà 12, ó di ₦110,004. Lórí ìwé aládùúgbò rẹ̀, ₦9,166.67 fún oṣù 11, ₦9,166.63 fún oṣù tó kẹ́yìn, ó di ₦110,000 géérégé.

Kò sí ohun tí èèyàn lè fi náírà mẹ́rin rà ní Ìgbọ̀nà lónìí. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ní, "Ọmọ mi, owó kan náà, èlé kan náà, oṣù kan náà. Ọwọ́ rẹ ni ìwé méjèèjì ti wá. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo sáré dáhùn pé ti aládùúgbò wọn ló péye, pé n óò tún tiwọn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mi orí. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé rẹ lálẹ́ òní, tí mo ní kí o mú ìwé tí o fi ń ṣírò èlé jáde, èwo lo máa mú wá?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìwé tó ń ṣírò èlé nílé mi tilẹ̀ ju méjì lọ. Mẹ́fà ni. Mo dágbére fún wọn, mo sì gbàgbé aṣọ tí mo wá rà.

## Lẹ́tà kan ṣoṣo

Wọn kò pé mẹ́fà nígbà kan. Fún bí ọdún mẹ́ta, fódà kan ṣoṣo ni mo ní, "apapo" ni mo pè é. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ń lò wà níbẹ̀: ìṣirò owó, ọjọ́ àti oṣù, bí a ṣe ń tẹ rìsíìtì, fáìlì 43 lápapọ̀. Nínú fódà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi ìtọ́ka kan síbẹ̀, èyí tí àwa tó ń lo Linux ń pè ní symlink, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohun tó ń wá wà lọ́hùn-ún. Bí mo bá tún nǹkan kan ṣe nínú apapo, gbogbo wọn ti rí i.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, háàdì dísìkì láátọ́ọ̀pù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń họ páànù. Ẹ̀rù bà mí. Mo pinnu pé kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo iṣẹ́ mi á ti wà nínú Git, kálukú á sì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kó wọn lọ. Mo wá gba ọ̀kan padà sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi láti fi dán an wò, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Git kì í tẹ̀ lé symlink dé ibi tó ń tọ́ka sí. Ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan ni Git ń pa mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n júwe ilé fún pé "bí o bá ti rí igi ìrókò, yà sápá ọ̀tún," tó sì jẹ́ pé ìlú mìíràn ló wà.

Aago méjì òru ti lù. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì ń lọ sílẹ̀. Mo rántí rsync, ohun èlò tí a fi ń da fáìlì kọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ó ní àmì kan, -L, tó ń pàṣẹ fún un pé bó bá pàdé ìtọ́ka, kó tẹ̀ lé e lọ, kó sì gbé ohun tó bá bá níbẹ̀ wá. Mo fi lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn kún àṣẹ tí mo kọ, mo tún gbogbo rẹ̀ kó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, mo sùn.

Fáìlì 43 di 258 lóru ọjọ́ yẹn. Kò sí ohun tó bàjẹ́, nítorí náà n kò kíyè sí i. Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dà nìyẹn: lọ́jọ́ tí a dà á kọ, gbogbo wọn ló tọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, inú fódà Git kálukú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan pè mí pé àròpọ̀ owó ń fi náírà díẹ̀ lé. Mo ṣí owo.py, fáìlì tó ń ṣírò owó, mo rí i pé ńṣe ni mo ń sọ kọ́bọ̀ tó bá ṣẹ́kù di odidi náírà lóṣooṣù. Mo tún un ṣe: kó máa kà á dé kọ́bọ̀, kí oṣù tó kẹ́yìn gba ìyókù. Mo kọ "mo tún ìṣirò èlé ṣe" sí commit náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Git ń ṣe fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹgbẹ́ aládùúgbò Màmá nìyẹn. Ẹgbẹ́ Màmá kò pè mí, n kò sì rántí wọn, nítorí pé nínú orí tèmi, fódà kan ṣì ni apapo.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Mo ní fáìlì mẹ́fà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìkankan wọn kò sì mọ̀ pé èkejì wà láyé.

## Orúkọ àmútọ̀runwá

Nígbà tí mo dé láti ọjà, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jìn tó, Git fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn mí, nítorí bó ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Inú fáìlì ni Git ń wò. Láti ìgbà tí Linus Torvalds, ọmọ Finland tó ṣẹ̀dá Linux, ti kọ ọ́ ní 2005, ohun tó wà nínú fáìlì, lẹ́tà sí lẹ́tà, ni Git ń ṣírò di orúkọ gígùn kan tó ní àmì 40, láti 0 dé 9 àti láti a dé f. SHA-1 ni wọ́n ń pe ìṣirò náà. Orúkọ tí ìwọ fún fáìlì kò sí lára rẹ̀ rárá. Bí Ìgè, Àìná àti Dàda ṣe ń gbé orúkọ wọn bọ̀ láti ọ̀run ni fáìlì ṣe ń gbé tirẹ̀ wọ inú Git. Fáìlì tó ṣófo, tí kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀, e69de29 ni orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ Òṣogbo ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí Tókíò. Fi kọ́mà kan ṣoṣo kún un, orúkọ mìíràn pátápátá ni yóò máa jẹ́.

Àṣẹ tó ń to orúkọ wọ̀nyí jáde ni git ls-files -s. Mo lò ó nínú ibi ìpamọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo to èsì wọn pọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo mú bírò pupa. Nínú fáìlì 43, 31 ṣì ń jẹ́ orúkọ kan náà níbi gbogbo. 12 ti yapa. owo.py nìkan ní orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo jókòó ti ìwé yẹn títí tíì mi fi tutù. Èwo nínú mẹ́rin ni ojúlówó? Mo kọ́kọ́ rò pé èyí tí mo tún ṣe kẹ́yìn ni. Àmọ́ nígbà tí mo ka ti oníbúrẹ́dì, mo rí i pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó tí oníbàárà dá ọjà rẹ̀ padà, ti ẹgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ti ilé ẹ̀kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín owó sí ìgbà ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Kò sí ìkankan tó pé. Ohun tí mo mọ̀ nípa owó ti pín sí ọ̀nà mẹ́rin, bí Màmá bá sì wọlé dé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí èyí tí mo lè gbé lé e lọ́wọ́.

Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Git kì í fàyè gba ẹ̀dà. Òtítọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Bí fáìlì méjì nínú ibi ìpamọ́ kan bá bára mu délẹ̀délẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni Git ń pa wọ́n mọ́. Ìyẹn ń gba ààyè dísìkì là. Bí o bá tún ọ̀kan ṣe lọ́la, Git á fún un lórúkọ tuntun, á fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kò sì ní pè ọ́. Láàárín ibi ìpamọ́ méjì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n jọra. Fáìlì mi 43 pàápàá kò tó àwòrán kan tí fóònù yà. Ààyè kọ́ ló dùn mí.

## Ẹ̀dà tí kò mọ orísun

Ohun kan ṣì rú mi lójú. Orí ẹ̀dà ni Git gan-an dúró lé. Ẹni tó bá fi git clone gba iṣẹ́ kan, odindi ìtàn iṣẹ́ náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló gbà. Bí èèyàn 20 bá ń ṣe é pọ̀, ẹ̀dà 20 ló wà nílẹ̀. Kí ló dé tí tiwọn kì í dàrú bíi tèmi?

Nítorí pé wọ́n ní baba kan náà. Nígbà tí ẹ̀ka méjì bá fẹ́ parapọ̀, Git á padà sẹ́yìn lọ wá commit tí wọ́n ti jọ ṣẹ̀ wá, á fi ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wé e, á sì mọ ohun tí kálukú fi kún un. Tèmi kò ní irú rẹ̀. rsync ló kó wọn wọlé. Lójú Git, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n bí owo.py lóru ọjọ́ kan, nílé mẹ́fà, láìsí òbí kankan. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an nìyí, ó sì pẹ́ kí n tó rí i: mo gbé ohun tó wà nínú fáìlì lọ, mo fi ìtàn ibi tó ti wá sílẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe é báyìí. Ẹsẹ Ifá wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ babaláwo láti ìlú dé ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì sí ìwé kan tí wọ́n lè ṣí wò. Síbẹ̀ wọ́n máa ń pàdé. Bí ẹnì kan bá ṣì í kì lójú àwọn àgbà awo, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe. Kálukú sì mọ ẹni tí òun ti kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń júbà rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ẹ̀dà pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé wọ́n ń rìn pọ̀.

## Aṣọ ẹbí

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ìtara gbé mi lọ sápá kejì. Gbogbo fáìlì tó bá ti jọra ni mo kó sínú ilé kan. Fáìlì tó ń to orí rìsíìtì wà lára wọn. Ti ilé ìtajà oògùn àti ti ilé ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ síra rárá. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí olóògùn fi ní òun fẹ́ kí ọjọ́ tí agbára oògùn máa tán hàn lórí rìsíìtì. Mo fi kún un. Lọ́jọ́ kejì, akápò ilé ẹ̀kọ́ pè mí pé ìlà òfìfo kan ti yọ lórí rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́, pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun kọ síbẹ̀.

Fáìlì méjèèjì yẹn dà bí ẹni méjì tó wọ aṣọ ẹbí kan náà lóde ìnáwó. Aṣọ kan náà, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, bí ìnáwó bá parí kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìṣirò èlé ní ti ẹgbẹ́ méjèèjì, ọmọ ìyá ni wọ́n: ohun tó bá mú ọ̀kan yí padà gbọ́dọ̀ mú èkejì yí padà. Mo kọ́ pé SHA-1 kò lè bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ó lè sọ fún mi pé fáìlì méjì bára mu lónìí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bi ara mi pé ta ló máa pè mí láti yí eléyìí padà lọ́la, ṣé ohùn kan ni àbí méjì. Fáìlì 36 ló kù sínú ilé àpapọ̀. Méje padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n.

## Ilé tí mo kọ́ fún wọn

Ọ̀nà kan ni láti kó gbogbo iṣẹ́ sínú ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo. Bí Google ṣe ń ṣe é fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nínú ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kọ jáde ní 2016, wọ́n ní nǹkan bí fáìlì bílíọ̀nù kan ló wà nínú tiwọn ní oṣù kìíní 2015. Ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ wà lára iye yẹn. Fáìlì kóòdù tó dá yàtọ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 9. Ó wù mí, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ló ni kóòdù wọn. Olóògùn kò gbọdọ̀ rí ìwé ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ rí ti ilé ẹ̀kọ́.

Mo lo submodule, ọ̀nà tí Git fi ń so ibi ìpamọ́ kan mọ́ inú òmíràn, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń rántí orísun dáadáa: àdírẹ́sì ibi ìpamọ́ kejì àti commit kan pàtó ló ń kọ sílẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn bá gbàgbé láti fi --recurse-submodules kún git clone, fódà òfìfo ló máa bá. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fi odindi òwúrọ̀ kan wá fáìlì tí kò sí níbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Ohun tí mo ń lò báyìí rọrùn. Apapo ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: v1.0.0, v1.1.0. Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì requirements.txt ló ń sọ èyí tí wọ́n ń lò, pip, ohun èlò tó ń kó kóòdù Python wọlé, á sì lọ mú un wá láti inú Git. Mo yọ -L kúrò. Mo sì kọ àṣẹ náà pé bí ìtọ́ka kan bá jáde kúrò nínú fódà iṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ dúró, kó sọ fún mi. Mo tún kọ pre-commit kékeré kan, ètò tí Git ń pè kó tó gba commit wọlé, tó ń fi orúkọ SHA-1 gbogbo fáìlì wé ti apapo, bó bá rí ẹ̀dà, kò ní gbà á wọlé. Ó dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo da ojo.py kọ lálẹ́ láti fi dán nǹkan wò, tí mo sì gbàgbé láti pa á rẹ́.

Ó ń gba àkókò. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti nọ́ńbà kan bọ́ sí òmíràn, ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lórí v1.0.0 bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á.

## Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ san án

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ẹ̀dà aláìlórísun kiri. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Níbì kan wọ́n kọ ọ́ ní Abeke, níbòmíràn Abake. Ilé iṣẹ́ kan ti tún un ṣe láti ọdún méjì sẹ́yìn. Òmíràn ti da tirẹ̀ kọ kí àtúnṣe yẹn tó wáyé, ẹ̀kẹta sì da ti èkejì kọ. Ìyá mi ló ń wọkọ̀ kiri, tòun ti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ nínú ọ̀rá, láti fi hàn pé òun ni òun. Ẹni tó da ìwé kọ kò san nǹkan kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ń fi ẹsẹ̀ san án. Mo máa ń bínú sí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn gan-an. Ohun kan náà ni mo sì ṣe fún Màmá, torí òun ló fi ojú ara rẹ̀ ka ìlà 12, lọ́nà méjì, lábẹ́ oòrùn Ìgbọ̀nà, kó tó rí àṣìṣe tèmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo padà lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ti dá owó tó lé padà sínú ìpamọ́ kálukú. Mo tẹ ìwé tuntun fún Màmá. Ó pe aládùúgbò rẹ̀ wá, wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí òkìtì aṣọ, ìka wọn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá dúró ní ìlà tó kẹ́yìn.

"Kí ló dé tí oṣù yìí fi kọ́bọ̀ mẹ́rin dín?"

Mo ṣàlàyé pé ₦110,000 kò ṣeé pín sí ọ̀nà 12 kó dọ́gba, pé oṣù tó kẹ́yìn ló ń tún un ṣe kó lè pé. Ó wo ìwé kejì. Kọ́bọ̀ mẹ́rin dín níbẹ̀ náà.

"Bí wọ́n bá yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Á yí padà fún ẹ̀yin méjèèjì, Mà. Bí ẹ bá délé mi lónìí, ẹyọ kan ni n óò mú jáde."

Ó ká ìwé méjèèjì pọ̀, ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní tirẹ̀, ó ti èyí tó kù bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ó wá nawọ́ sẹ́yìn, ó fa aṣọ kan yọ. "Ọ̀pá mẹ́rin tí o gbàgbé sílẹ̀ lọ́jọ́sí nìyí. N kò tà á."